Kọ̀nténà ti kú, mẹ́mórì rẹ̀ kò padà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá mi lágara fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Sáfà Linux kan wà níkàáwọ́ mi, kọ̀nténà kéékèèké (àpótí àdáni tí ètò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) ló ń gbé: ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, á kú, òmíràn á gbapò rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mẹ́mórì á ti tán, kernel (ọkàn Linux) á sì máa pa process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kiri kó lè rí àyè. A ó tún sáfà tàn, yóò dára, yóò sì tún ṣẹlẹ̀.

Mo ro iye tí gbogbo process ń jẹ nínú àṣẹ top pọ̀, kò tó ìdajì ohun tí àṣẹ free ní ó ti lọ. Ta ló wá jẹ ìyókù? Nínú /proc/meminfo, SUnreclaim (mẹ́mórì kernel tí kò ṣeé gbà padà) ń ga, Percpu (èyí tí kernel yà sọ́tọ̀ fún CPU kọ̀ọ̀kan) náà ń ga. Mo kọ 3 sínú drop_caches kí kernel lè da cache nù, kò mì rárá. Slabtop, àṣẹ tó ń fi ohun tí kernel kó sí mẹ́mórì hàn, ló fi pid_namespace àti net_namespace (namespace ni ògiri tó ya kọ̀nténà kan sọ́tọ̀ sí òmíràn) hàn mí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ kọ̀nténà tó wà láàyè kò ju 20 lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mo ti gbà pé kernel ló ń jò mẹ́mórì, mo bá tan kernel tó ní kmemleak, ohun tó ń wá ibi tó ń jò, nínú. Kò rí nǹkan kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò dì mú mọ́ ni kmemleak ń wá. Tèmi, ẹnì kan ṣì dì í mú.

Namespace kì í kú torí pé process inú rẹ̀ ti kú. Bí ẹnì kan bá ṣí /proc/PID/ns/net tí kò pa á dé, tàbí tó fi bind mount so ó mọ́ ibìkan, yóò wà síbẹ̀ láìní olùgbé. lsns (àṣẹ tó ń to namespace) tí mo ń lò ò rí irú wọn, torí ara process tó wà láàyè ló ti ń kà wọ́n. Ni mo bá ṣe ls -l sí /proc/*/fd, níbi tí ohun tí process kọ̀ọ̀kan ṣí wà, mo wá net: àti pid: níbẹ̀. Gbogbo wọn wà lọ́wọ́ ètò kan ṣoṣo, èyí tí àwa fúnra wa gbé síbẹ̀ láti máa ṣọ́ kọ̀nténà! Ó ń wọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ ka ìwọ̀n, kì í sì í tilẹ̀kùn bó bá ń jáde. A ti gbé ulimit rẹ̀ (òpin iye fáìlì tó lè ṣí) ga, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè ké. Mo pa á, SUnreclaim sì wálẹ̀ lójú mi.

—

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tiwa, PID 1 (process àkọ́kọ́) inú kọ̀nténà ni kì í pe wait láti palẹ̀ òkú mọ́. Zombie (òkú process tí a kò tíì palẹ̀ mọ́) kì í jẹ mẹ́mórì púpọ̀, ṣùgbọ́n task_struct (àkọsílẹ̀ kernel nípa rẹ̀) àti nọ́ńbà PID rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kún dé pids.max (òpin iye process àti thread tí a fún kọ̀nténà), Java ń pariwo OutOfMemoryError, bẹ́ẹ̀ mẹ́mórì ṣì pọ̀ nílẹ̀! Thread tuntun ni kò rí dá. --init tó ti wà nínú Docker láti 1.13, tó ń fi PID 1 tó ń palẹ̀ òkú mọ́ síbẹ̀, la fi yanjú ẹ̀.

—

Ẹ tún máa wo nr_dying_descendants nínú cgroup.stat (cgroup ni ẹgbẹ́ tí kernel fi ń ka ohun tí kọ̀nténà ń jẹ). A ti pa cgroup rẹ́, àmọ́ page cache (ẹ̀dà fáìlì nínú mẹ́mórì) tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ṣì so ó rọ̀. Ní tiwa, drop_caches ló tú wọn sílẹ̀, ohun tí kò ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ yẹn gan-an. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò báyìí.