Àbùjá ni, kì í ṣe ihò kòkòrò

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣágámù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ ń tú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù Interstellar, ìtàn bàbá kan tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wá ayé mìíràn fún ọmọ ènìyàn, sí Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé yín, ẹ sì ní ká bá yín yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò: "ihò kòkòrò" (wormhole, ọ̀nà tó gé ìrìn-àjò òfurufú kúrú), "ihò dúdú" (black hole), àti "ìtàn ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì" (science fiction) fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Kí n má baà sọ̀rọ̀ láìrídìí, mo tún un wò lálẹ́ Sátidé ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi àti àǹtí mi, àbúrò bàbá mi tó ń taṣọ ní Òkè-Ajé. Wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, a tan jẹnẹrétọ̀, àǹtí ò sì sùn. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rí ńlá nìyẹn.

John Wheeler, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó sọ wormhole lórúkọ ní 1957, ń ro kòkòrò tó gbẹ́ inú ápù já sí òdìkejì dípò kó máa rìn yí ẹ̀yìn rẹ̀ po. Ìyẹn yé àwọn tó ń jẹ ápù. Ṣùgbọ́n ìlú obì ni Ṣágámù yín. Ọmọ ibẹ̀ tó bá ka "ihò kòkòrò", obì tó ti bàjẹ́ ló máa wá sí i lọ́kàn, èyí tí wọ́n ń ṣà sọ nù kí wọ́n tó di apẹ̀rẹ̀. Kò ní rò ó láéláé pé ọ̀nà ni.

Nínú fíìmù náà, nígbà tí ọkọ̀ bàbá yẹn àtàwọn tó bá a lọ dé sàkáání pílánẹ́ẹ̀tì Saturn, ọ̀kan nínú wọn mú bébà, ó sàmì sí ibi méjì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi bírò gún un já. Kí n tó lanu ṣàlàyé, àǹtí ti fa etí ìró wọn sókè. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po títí òdòdó méjì tó jìnnà síra lára àǹkárá náà fi fẹnu kora, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tó wà lára gèlè, wọ́n fi gún méjèèjì pọ̀. "Àbùjá ni wọ́n ń wí yìí."

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti tán ńbẹ̀. Àbùjá òfurufú. Awakọ̀ tó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìkòròdú, tó gbọ́ pé ọ̀nà dí ní Ṣágámù, tó wá gba Ìtóìkín, kò nílò olùkọ́ kankan kó tó mọ ohun tí àwọn ará inú ọkọ̀ yẹn ń wá. Tó bá jẹ́ pé ihò ni dandan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ihò òkété, tó máa ń ní ju ẹnu kan lọ. Àbùjá ni èmi fara mọ́.

"Ihò dúdú" ni mo kórìíra jù. Àwa tí Erédò Sùngbọ́ yí ilẹ̀ wa ká, nǹkan bíi 160 kìlómítà, tó jìn tó 20 mítà níbòmíràn, a kì í pe ìyẹn ní ihò: yàrà ni. Kòtò wà, ihò wà, ọ̀gbun wà, kò sí èyí tó jọ èkejì. Ohun tó bá wọ ihò ṣì lè jáde. Èyí tó wà nínú fíìmù yìí, ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀, kò sì ṣófo bí ihò, torí ẹrù tó kún inú rẹ̀ ló ń fa gbogbo nǹkan mọ́ra. Ọ̀gbun òòfà ni kí ẹ pè é. Àwòrán rẹ̀ sì ni ohun tó lẹ́wà jù nínú fíìmù náà: òrùka iná tó tẹ̀ gba òkè àti ìsàlẹ̀ òkùnkùn. Wọn ò kàn yà á bó ṣe wù wọ́n. Kip Thorne, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, ló kọ ìṣirò tí àwọn aláwòrán fi ṣe é.

Ọ̀gbẹ́ni yìí náà ló jẹ́ kí n yan "àròsọ sáyẹ́ǹsì" dípò "ìtàn ìjìnlẹ̀". Ìlànà tó fi lélẹ̀ ni pé kí fíìmù má ta ko òfin sáyẹ́ǹsì tó ti fìdí múlẹ̀, kí méfò, ìyẹn àbá tí kò tíì dájú, tó bá sì wà níbẹ̀ ti inú sáyẹ́ǹsì wá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: à-rò-sọ. A rò ó ká tó sọ ọ́. Ìtàn lásán lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí tún fún wa ní òṣùwọ̀n. Ní ìkángun fíìmù, tí bàbá já sínú ọ̀gbun tó wá bá ara rẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ ìwé yàrá ọmọ rẹ̀, "sọ" ti sáré fi "rò" sílẹ̀. Wọ́n wá ń fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí ojú kò rí. Nígbà tí wọ́n lọ sí ayé kan tó jẹ́ kìkì omi, níbi tí wákàtí kan ti jẹ́ ọdún méje lọ́dọ̀ tiwa, wọn ò ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀. Bàbá náà padà sínú ọkọ̀ ńlá, ọdún 23 ti lọ, ó jókòó, ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń dàgbà lójú ẹ̀rọ. Àǹtí fi ìka ka ọdún náà, wọ́n pòṣé. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ kankan fi síbẹ̀ o.

Wọ́n ná mílíọ̀nù 165 dọ́là. Fíìmù olówó gọbọi, kò sí ẹjọ́ lórí ìyẹn. Nígbà tí mo sọ pé Christopher Nolan, olùdarí rẹ̀, gbin 500 éékà àgbàdo ní Kánádà fún un, tó sì tà á jèrè lẹ́yìn náà, àǹtí ní Ìjẹ̀bú ni. Ṣùgbọ́n owó yẹn náà ló ra orin dùùrù tó ń bo ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré mọ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé tẹlifíṣàn wa ló ní àrùn, àṣé àwọn tó wò ó ní sinimá ti ń ráhùn látọdún 2014.

Mo ti ń ka ibi tí obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan nínú ọkọ̀ náà ti ní ìfẹ́ lè kọjá àsìkò àti àyè sí àléébù. Ó dà bí ìwàásù tó ṣèèṣì bọ́ sínú kíláàsì físíìsì. Mo wá gbìyànjú láti tú u. Òòfà ilẹ̀ tó ń fa nǹkan wálẹ̀, òòfà ìfẹ́: ọ̀rọ̀ kan náà la ní fún méjèèjì. Kò sọ ọ́ di sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n àǹtí ò rẹ́rìn-ín níbi tí èmi ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí àǹtí ti bínú ni òpin. Bàbá padà dé, ojú rẹ̀ ṣì tutù, ọmọ rẹ̀ ti di arúgbó lórí ibùsùn. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ kún yàrá bámú, bàbá-ńlá wọn wọlé, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, kò sí ẹni tó kúnlẹ̀, wọn ò tilẹ̀ kí i ní káàbọ̀. "Ta ló kọ́ wọn?" ni àǹtí ń bi mí, bíi pé èmi ni mo ṣe fíìmù.

Ẹ bi wá pé ṣé kí arúgbó yẹn pe bàbá rẹ̀ ní "ẹ" tàbí "o", níwọ̀n bó ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Mo ti fi "ẹ" sí i. Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, Òkè-Ajé ni àǹtí máa ń wà láàárọ̀. Ẹ wá fẹnu ara yín sọ fún wọn.