Mo fẹ́ san gbèsè yìí díẹ̀díẹ̀, wọn ò gbà: kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Aláṣọ
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Ọjà Atákúmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Gbèsè méjì ló wà lọ́rùn mi. Ọ̀kan jẹ́ ti báńkì kékeré tó ń yá àwa obìnrin lówó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, àwọn gbọ́múléláńtà yẹn. Ó ku ₦180,000 tèmi níbẹ̀, àwa márùn-ún la sì dúró fún ara wa. Èkejì ni ₦60,000 tí mo yá lórí fóònù nígbà tí bàbá àwọn ọmọ wà ní ọsibítù. Èlé àti ìtanràn ti sọ ọ́ di ₦97,000.

Mi ò sọ pé mi ò ní san. Tí a bá ti jẹun, tí mo yọ owó iléèwé, ohun tó ń kù lóṣù kò ju ₦25,000 lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin tó ń pè mí nítorí ti orí fóònù. Ó ní àfi kí n san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ọlọ́pàá á sì wá gbé mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ti báńkì, ilé ni wọ́n ń wá jókòó sí di alẹ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn?

Bàbá Ìjọ́fì
Ọmọ Òṣómàáló ni wọ́n wá ń lóṣòó tì! Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri náà máa ń dógò ti ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá mú díẹ̀ jáde, wọ́n á gbà á, wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ dúró de àwọn tó mọ̀ nípa ti ìsinsìnyí.

Asinwó Àná
Mo ti bá báńkì kékeré kan sin owó rí ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí náà ẹ fetí sí mi. Ẹni tó ń pè yín kò lágbára láti dín kọ́bọ̀ kù. Ọ̀gá rẹ̀ ló lè ṣe é. Iye tó bá gbà wọlé kí oṣù tó parí ni wọ́n fi ń mọ òṣìṣẹ́ gidi, ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì ṣèlérí kankan fún un lórí fóònù.

Iléeṣẹ́ gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí: iye tí ẹ yá, iye tí ẹ ti san, ohun tó ń wọlé, iye tí ẹ lè san àti ọjọ́ tí ẹ ó máa san án. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé bí ẹ bá ti ń san déédéé, kí ìtanràn dúró, kí owó tí ẹ ń mú wá máa dín ojú owó, ìyẹn iye tí ẹ yá gan-an, kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Bí ìtanràn bá ṣì ń gorí ara rẹ̀, ẹ ó san títí, ojú owó kò ní kúrò níbi tó wà.

Ẹ má dá gbogbo ₦25,000 yẹn fún wọn o. Oṣù tí ọjà ò ní tà ń bọ̀. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ẹni tó ṣàdéhùn kékeré tó sì ń mú un ṣẹ, a kì í rántí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹ̀rù mú ṣèlérí ńlá, tó wá já wa kulẹ̀ lóṣù kejì, òun la máa ń lé.

Tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó san. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ti ọmọkùnrin yẹn. Mo mọ ohun tí mo rí.

Ìyá Ìbejì Òkèsà
Ti ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí orí àwọn mẹ́rin yòókù ló máa bọ́ sí. Ẹ ti sọ fún wọn? Ẹ jọ lọ ni. Ẹ má sì lọ yá ti fóònù míì láti fi san ti àkọ́kọ́, sọgún-dogójì ayé àtijọ́ náà ni.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Tèmi ni pé kí ẹ má san ti fóònù yẹn rárá. Ẹ ju síìmù yẹn nù. Olè ni gbogbo wọn.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀ṣà
Ọmọ Ẹrẹ́jà, ẹ má kó obìnrin yìí sí wàhálà. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń pa àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó yáwó mọ́, bí orúkọ yín bá ti bàjẹ́ níbẹ̀, báńkì tó tó báńkì kò ní fẹ́ yá yín.

Ìyá Aláṣọ, ti ọlọ́pàá, ẹ fọkàn balẹ̀. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí àdéhùn tí kò ṣẹ nìkan. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gbé yín lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ pàápàá lè ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ti àwòrán, ìlànà tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé jáde lọ́dún 2025 fún àwọn ayánilówó orí fóònù ka ìdójútini léèwọ̀, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ₦100 mílíọ̀nù. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìhalẹ̀ tó fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú wọn. Ẹ wo ìkànnì FCCPC bóyá orúkọ ayánilówó náà wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sùn níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé ẹ fún báńkì ní ṣẹ́ẹ̀kì?

Ìyá Aláṣọ
Mo fún wọn o. Mo fọwọ́ sí i, wọ́n ní kò sí nǹkan, pé ìdánilójú lásán ni.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀ṣà
Háà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju àwòrán lọ. Bí wọ́n bá gbé e lọ tí kò sówó nínú àkáǹtì, ọ̀ràn ọ̀daràn ni, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì wà nínú òfin rẹ̀. Ẹ tètè lọ bá wọn. Kí gbígba ṣẹ́ẹ̀kì yẹn padà wà nínú àdéhùn tuntun tí ẹ bá kọ.

Ìyá Aláṣọ
Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti pe àwọn mẹ́rin náà, a jọ ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n asinwó, ṣé òwúrọ̀ ló dáa?

Asinwó Àná
Òwúrọ̀ ni, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde lọ sin owó. Máníjà ni kí ẹ béèrè. Ẹ mú owó díẹ̀ dání, ₦5,000 náà tó, kí ẹ sì gba rìsíìtì rẹ̀.