Báwo ni mo ṣe máa dúró kí n tó gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù?

ỌmọYábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù ní Ìkẹjà ni, áyọ́ọ̀nù 7, ọ̀kan lára àwọn ọ̀pá olórí irin, ni mò ń lò jù. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, mẹ́fà á yà sọ́tùn-ún. Nínú àwọn tó kù, ilẹ̀ ni ọ̀pá kọ́kọ́ máa ń gbá. Wọ́n ní kí n lọ tún ìdúró mi ṣe. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nPápá:
Àbúrò, ọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò, má tíì débi ẹsẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló kan ọ̀pá. Bí ọwọ́ bá wọ́, ojú ọ̀pá, ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù, á wọ́.

Ìka ni ìdìmú, ibi tá a ti ń di ọ̀pá mú, ń jókòó sí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Fún ọwọ́ òsì, jẹ́ kó gba oríkèé àárín ìka tá a fi ń nàka, kó dábùú wá sí ìdí ọmọńdinrín, kí ẹran tó nípọn lábẹ́ ọmọńdinrín wá tẹ̀ ẹ́ látòkè. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jókòó, tú àtàǹpàkò àti ìka mẹ́ta yòókù sílẹ̀, kó o fi ìka ìnàka yẹn àti ẹran àtẹ́lẹwọ́ nìkan gbé ọ̀pá sókè. Bó bá dúró, ó ti jókòó. Bó bá já bọ́, àtẹ́lẹwọ́ lo gbé e sí.

Wàyí, di gbogbo ìka pa dà, kó o wo ọwọ́ òsì náà látòkè. Kókó ìkúùkù méjì ló yẹ kó o rí. Bí ẹ̀kẹta bá yọjú díẹ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lo rí, mo fura pé ohun tó ń gbé bọ́ọ̀lù rẹ lọ sọ́tùn-ún nìyẹn: ojú ọ̀pá ṣì máa ń ṣí, ìyẹn ni pé ó ń kọjú sọ́tùn-ún, nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù.

Ọwọ́ ọ̀tún á wá bo àtàǹpàkò òsì. Ọmọńdinrín ọ̀tún lè gun orí ọwọ́ òsì, èyí tí wọ́n fi orúkọ Harry Vardon, eléré gọ́ọ̀fù ayé àtijọ́, pè, tàbí kó há mọ́ ìka ìnàka òsì, bí Jack Nicklaus àti Tiger Woods ṣe ń ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, kó lo ìkejì.

Má fún ọ̀pá pa. Bó o ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú sọdá títì ni: kò gbọdọ̀ já, kò sì gbọdọ̀ dun ọmọ. Ooru Èkó ló ń ba èyí jẹ́. Òógùn á mú rọ́bà yọ̀, ìwọ náà á sì fún un pa. Máa fi omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ rọ́bà ìdìmú, kó o nù ún gbẹ. Ní ìbọ̀wọ́ òsì méjì nínú báàgì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì bá wà lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì:
Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀gbọ́n. Ti ilẹ̀ tí ọ̀pá ń kọ́kọ́ gbá, ìdúró ló fà á.

Dúró ṣánṣán, gbé ọ̀pá dábùú ibi tí itan ti pàdé ikùn, kó o fi ti ara rẹ sẹ́yìn. Ìdí á sún sẹ́yìn, àyà á tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn á gún. Ìbàdí là ń ṣẹ́, a kì í ṣẹ́ ẹ̀yìn. Orúnkún á kàn rọ̀ díẹ̀ ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ti di ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí. Jẹ́ kí apá rọ̀ láti èjìká. Àárín ìdí ọ̀pá àti itan á gba ìkúùkù kan, tàbí ìkúùkù pẹ̀lú àtàǹpàkò tó nà.

Fún áyọ́ọ̀nù 7, ẹsẹ̀ á fẹ̀ tó èjìká. Bọ́ọ̀lù á kúrò ní àárín gbùngbùn sọ́nà ẹsẹ̀ òsì ní ìwọ̀n bọ́ọ̀lù kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Bó bá sún jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó o gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá á ti débi ilẹ̀ kó tó dé ìdí bọ́ọ̀lù. Lásìkò òjò, á tún rì sínú ẹrẹ̀. Pín ara dọ́gba sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kó wà ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀, kó má ṣe lọ sí ọmọ ìka tàbí gìgísẹ̀.

Ti dráífà, ọ̀pá tó gùn jù, yàtọ̀: ẹsẹ̀ á fẹ̀ sí i, bọ́ọ̀lù á dọ́gba pẹ̀lú inú gìgísẹ̀ òsì, tíì, èèkàn kékeré tá a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, á sì ga débi tí ìdajì bọ́ọ̀lù á fi yọ lókè orí ọ̀pá.

ỌmọYábàá:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹyọ kókó kan ṣoṣo ni mo rí lóòótọ́! Àmọ́ bí mo ṣe tún un dì, ojú ọ̀pá yí sọ́tùn-ún. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ibi tí mò ń gbá a sí ni mo kọjú sí?

KádìÀgbà:
Rárá o. O di ọ̀pá tán kó o tó yí ọwọ́, ọ̀pá sì bá ọwọ́ yí. Gbé ojú ọ̀pá kalẹ̀ kó gún ná, fi ọwọ́ ọ̀tún mú un dání, kó o wá gbé ọwọ́ òsì sí i bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí.

Ti ìkọjúsí, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni kó o ti wo ibi tó ò ń lọ. Yan ewé gbígbẹ tàbí àmì kan nílẹ̀, níwájú bọ́ọ̀lù, tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ojú ọ̀pá ni kó o kọ́kọ́ kọ sí i, ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn. Ìlà ẹsẹ̀ àti ti bọ́ọ̀lù á máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irin rélùwéè Yábàá, wọn ò ní pàdé.

Wo èjìká rẹ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún máa ń ṣìnà sí. Á ní kí òun kọjú sósì kí bọ́ọ̀lù lè pa dà sáàárín. Èjìká á ṣí, ọ̀pá á máa ti ìta gé wọnú, bọ́ọ̀lù á sì tún yà ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Igi mọ́ọ̀pù méjì ti tó fún ìdánrawò: ọ̀kan lẹ́yìn òde bọ́ọ̀lù, ọ̀kan níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àmọ́ kó igi kúrò tó bá di ìdíje, torí òfin kọ̀ ọ́. Láti 2019, kádì, ẹni tó ń bá ọ gbé báàgì, náà ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dúró sẹ́yìn rẹ lójú ìlà bó o bá ti ń gbé ẹsẹ̀ sípò, nítorí náà ojú ara rẹ ni kó o kọ́. Dúró níwájú dígí nílé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́: ojú ọ̀pá, ọwọ́, ìbàdí, ẹsẹ̀. Tú u ká, kó o tún un tò, má tíì gbá nǹkan kan.