Ìbejì ni, kì í ṣe olójú méjì

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun èlò fọ́tò, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe kámẹ́rà onífíìmù tó ní lẹ́ǹsì méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ní "kámẹ́rà olójú méjì". Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fara mọ́ ọn; "kámẹ́rà ìbejì" ni kí a pè é. Mo ra àlòkù irú kámẹ́rà yìí, mo sì ti fi ya fíìmù bíi mélòó kan. Ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ ló ń mú mi sọ̀rọ̀.

Olójú méjì ni èmi àti ẹ̀yin. Ojú wa méjèèjì jọ ń wo nǹkan pọ̀ ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ yẹn yẹ awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Lẹ́ǹsì òkè kámẹ́rà yìí kì í ya nǹkan kan. Tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wo ohun tó wà níwájú, kí jígí inú kámẹ́rà gbé e sórí dígí tí ayàwòrán ń tẹrí ba wò. Ìsàlẹ̀ ni fíìmù wà, níbẹ̀ náà ni ìpéǹpéjú (shutter) tó ń ṣẹ́ fún ìmọ́lẹ̀ wà. (Ẹni tó mú "ìpéǹpéjú" yẹn wá, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ náà wọlé.) Báyìí ni iṣẹ́ pín láàárín wọn nínú kámẹ́rà Rolleiflex tó jáde ní Braunschweig, nílẹ̀ Jámánì, ní 1929. Ọ̀kan lọ tọ́ ayé wò, èkejì dé lẹ́yìn, ó ṣe iṣẹ́ gan-an. Táyé ló wà lókè, Kẹ́hìndé ló wà nísàlẹ̀, Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ náà sì ni ẹ̀gbọ́n.

Wọ́n ní ènìyàn là ń pè ní ìbejì, kò yẹ irin. Ìyá ìlù wá ńkọ́? Ọmọ ọlọ ńkọ́?

Orúkọ ìbejì yìí tún ń ran ẹni tó fẹ́ rajà lọ́wọ́. "Àlòkù" fúnra rẹ̀ ń béèrè pé kí ló kù. (Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án ju "tòkunbọ̀" lọ; ibi tí nǹkan ti wá nìyẹn ń sọ.) Kẹ́hìndé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ tan iná sí i, kí ẹ wò ó bóyá èébu ti ta bí òwú aláǹtakùn sínú rẹ̀. Ẹ gbé ìpéǹpéjú sí ìṣẹ́jú àáyá kan: bí òróró inú rẹ̀ bá ti gan, yóò falẹ̀, tàbí kó ṣí láìpadé. Ìdọ̀tí díẹ̀ lójú Táyé kò lè ba fọ́tò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tó hàn kedere lójú Táyé bá di bàìbàì lórí fíìmù, ìbejì ò fohùn ṣọ̀kan mọ́ nìyẹn, àfi kí ẹ gbé e fún alátùn-únṣe.

Nípa "fíìmù alábọ́dé" tí àwọn kan ń pe fíìmù 120, irú èyí tí kámẹ́rà yìí ń lò, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ alábọ́dé á rò pé kò dára tó. Nínú kámẹ́rà yìí, fíìmù 120 ń gba fọ́tò 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú, 6 lóòró, ó sì fi ju ìlọ́po mẹ́ta fẹ̀ ju ti fíìmù mílímítà 35 lọ. "Fíìmù fífẹ̀" ló yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ya ojú ènìyàn nítòsí, ó pé pérépéré lórí dígí, àmọ́ nígbà tí a fọ fíìmù, àtàrí rẹ̀ ti gé kúrò. Kẹ́hìndé wà nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sì ti wò ó. Bí nǹkan bá jìnnà, ìyàtọ̀ náà kì í hàn. Ẹnì kan pè é ní "àṣìwò", ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣìwò níbẹ̀; oníkálukú rí ohun tó hàn láti ibi tó dúró sí. "Ìyapa ìwò" ni mo ń lò báyìí. Ṣé ẹ ní èyí tó sàn jù ú lọ?