Ẹ gbà mí o, kámpà yìí ti fẹ́ ba pikọ́ọ̀pù mi jẹ́

Màmá Ìkọ́kọrẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àbúrò mi tó wà l'Amẹ́ríkà ló fi kámpà ránṣẹ́, ilé kékeré tí wọ́n ń gbé ka ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù yẹn, ó ní kí n máa fi ta ìkọ́kọrẹ́ kiri, Ojúde Ọba ló sì wà lọ́kàn mi. Owó tí mo ná kó tó kúrò l'Ékòó ò ṣeé gbọ́ sétí, mo tún kùn ún ní pupa. Ká tó dé Òdógbolú, ìdí mọ́tò ti wálẹ̀, iwájú gbé sókè, sítíárì wá fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mẹkáníìkì fi sípíríǹgì kún un, ó gbowó mi, ibi pẹlẹbẹ náà la wà. Ọkọ mi ń bínú. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Rẹ́mọ: Mọ́mì, kílò mélòó ni kámpà? Mélòó ni mọ́tò lè gbé? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, sítíkà wà lára òpó ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Sípíríǹgì tó nípọn ni kẹ́ ẹ wá.

Bọ̀dá Ìpẹ́rù: Ọ̀gá mi kan gbé táǹkì omi líítà 1,000 sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, omi nìkan ti tó 1,000 kílò, táyà ẹ̀yìn bẹ́ kó tó dé Ṣágámù.

Ọmọ Rẹ́mọ: @Ìyá Ìbejì, sípíríǹgì á gbé ìdí ẹ̀ sókè lóòótọ́, àmọ́ ṣé bíréèkì àti táyà á torí ẹ̀ lágbára sí i?

Ìyá Ìbejì: Má jágbe mọ́ mi, tírélà l'ọkọ mi ń wà.

Màmá Ìkọ́kọrẹ́: Mo mọ̀wé o. Mọ́tò mi lè gbé 2,500 kílò, kámpà ò ju 600 lọ.

Ọmọ Rẹ́mọ: Kí ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2,500 yẹn?

Màmá Ìkọ́kọrẹ́: GVWR.

Ọmọ Rẹ́mọ: Háà! Mọ́tò fúnra ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá gbé nìyẹn. Ẹ wo sítíkà kejì, èyí tí wọ́n ya táyà sí, ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye ẹrù àti èèyàn tó lè gbé sí.

Màmá Ìkọ́kọrẹ́: 480 kílò. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò lè fi ohun tí ò dáa ránṣẹ́ sí mi.

Bọ̀dá Ìpẹ́rù: Òfìfo ẹ̀ ni 600 yẹn o. Omi ńkọ́? Gáàsì, ìkòkò, iṣu ewùrà, ẹ̀yin fúnra yín?

Màmá Ìkọ́kọrẹ́: Omi líítà 120, sílíńdà 12.5 méjì, èmi àtàwọn ọmọ méjì.

Ọmọ Rẹ́mọ: Kẹ́ ẹ tó wọlé rárá ló ti kọjá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé e ka búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ máa tà níbẹ̀ ná. Tó bá ṣe dandan kó rìn, ẹ wá ọkọ̀ tó jù ú lọ, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Màmá Ìkọ́kọrẹ́: Búlọ́ọ̀kù mélòó láá gbà á?