Èsì: “Ọ̀nà ìtọ̀” kọ́ ni orúkọ ibi tí òkúta há sí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa lẹ́nu rẹ̀: ìwé pélébé kan tí a ń bá ilé ìwòsàn kan ní Súrùlérè kọ ní Yorùbá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìwé náà dá lórí òkúta tó ti kúrò nínú kíndìnrín, tó wá há sójú ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtọ̀ ń gbà bọ́ sínú àpò ìtọ̀. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní ureter, òun la ò sì tíì fẹnu kò sí orúkọ rẹ̀. Alàgbà wa ará Èbúté Mẹ́ta ní “ọ̀nà ìtọ̀” ti tó. Àbúrò wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àkókà ní “ọ̀pá ìtọ̀” ló dáa. Ẹnì kan dá “iṣan ìtọ̀” lábàá. Èmi ní tèmi, “ìfun ìtọ̀” ni mo fẹ́ ká mú.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. “Ọ̀nà ìtọ̀” ti ní ohun tó ń jẹ́ ẹ. Ibi tí ìtọ̀ ń gbà láti inú àpò rẹ̀ bọ́ síta ni gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin kan bá wọ kílíníìkì tó ní ọ̀nà ìtọ̀ ń ta òun, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa gbà pé ó ń wí, kò ní ronú kan ẹ̀yìn ìhà rárá. Ọ̀kan ṣoṣo ni ti ìsàlẹ̀ yẹn. Ti òkè tí à ń wí, méjì ni, kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, inú rẹ̀ ò sì fẹ̀ ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ. Ẹ tún wo jàǹbá tí orúkọ yẹn lè fà nínú ilé: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kí wọ́n wá ní “ọ̀nà ìtọ̀” ló ń ṣe ọkọ! Àtọ̀sí ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ìyàwó. Kẹ́mísìtì ló kàn, abẹ́rẹ́ àti kápúsù tí kò kan òkúta ni wọ́n á tà fún un.

“Ọ̀pá” náà ò burú létí, àmọ́ ọ̀pá kì í mira. Bí ọmọ Èkó bá gbọ́ “ọ̀pá”, páìpù tí púlọ́ńbà rì mọ́ ògiri ló ń rí: ó le gbagidi, omi kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ohun tí à ń wí yìí, ẹran ara ni. Ó ń sún kì, ó ń fún ara rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń ti ìtọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé béèyàn tiẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣì dé àpò. Iṣẹ́ tí ìfun ń ṣe fún oúnjẹ nìyẹn gẹ́lẹ́. (“Iṣan” ní tirẹ̀, ẹrù ọrùn rẹ̀ ti pọ̀ jù: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan apá, iṣan tí ń gbé ìrora lọ sọ́pọlọ. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.)

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ fífún yìí? Torí pé ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkúta ń ha ara nínú ni. Ó lè ha á lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì yọ, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí àfi tí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ wò. Àmọ́ ìrora gan-an, dídí ló fà á. Ìtọ̀ tó ń bọ̀ lókè ò rí ibi gbà, kíndìnrín á wú, ìfun ìtọ̀ á sì máa fún ara rẹ̀ kíkankíkan lórí ohun tó há síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrora náà fi ń mú, tó ń dẹ̀, tó tún ń mú. Ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ egungun ìhà, á yí wá síwájú, á sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn, á wọ kóró ẹpọ̀n ọkùnrin tàbí ojú ara obìnrin. Àwọn ọkùnrin kan á ní ìpá ni. Eébì ń bá a rìn, òógùn náà ń bá a rìn. Bí òkúta bá ti ń sún mọ́ àpò ìtọ̀, á máa ṣe èèyàn bíi kó tọ̀ ṣáá, kí èyí tó máa jáde má sì tó nǹkan.

“Ìrora líle” tó wà nínú ìwé náà ò sọ nǹkan kan fún mi. Èwo ni kò le nínú ìrora? Ẹni tí appendix ń dà láàmú máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, torí bó bá mira ó ń dá kún un. Ẹni tí òkúta há fún, á dìde, á jókòó, á tún dìde, á yí gbirigbiri nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: “ìrora ẹ̀gbẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó máa gbé ara sí.” Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe rí á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ìyá wa nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsàlẹ̀ Èkó gbé àtakò kan dìde, òun nìkan ló mì mí díẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ti lè sọ “ìfun”, jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn èèyàn máa gbọ́, wọn á sì gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ mu ohun tí yóò yà wọ́n nígbẹ́. Òótọ́ ni, ìyà sì ni: ìgbẹ́ yíyà ń fa omi ara gbẹ, ìtọ̀ á túbọ̀ ki. Ṣùgbọ́n Mọ̀mí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa tán ti “ìfun”: “Ìfun yìí kì í gba oúnjẹ, ìtọ̀ nìkan ló ń gbà.” Gbólóhùn wo la fẹ́ fi tán ìjà àtọ̀sí láàárín tọkọtaya?

Ẹ sì jẹ́ ká kìlọ̀ fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú kí wọ́n má bá wa bó àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀. Ìtọ̀ tí a ń tọ̀ àti itọ́ tí a ń tu, kò sóhun tó yà wọ́n lórí ìwé ju àmì yẹn lọ.

Ó ku “òkúta”. Ẹni tó ní ká jù ú nù ká sọ pé “ìtọ̀ dídì” ní ìdí gúnmọ́. Ó ní àwọn èèyàn rò pé òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọn ò ṣà dáadáa ló gbá jọ sínú. Kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá gbé mì ò lè dé kíndìnrín ní òkúta. Inú ìtọ̀ gan-an ló ti ń ṣẹ̀: bí omi bá kéré, tí àwọn iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀, wọ́n á dì mọ́ra. Síbẹ̀, mo ní kí a fi “òkúta” sílẹ̀, torí orúkọ tó ti wà lẹ́nu ará ọjà, bá a bá gbà á lọ́wọ́ wọn, a ò ní rí wọn bá sọ̀rọ̀ mọ́. (Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ti ẹni tó ní ká fi “iwe” rọ́pò kíndìnrín torí pé Bíbélì lò ó nínú Ẹ́kísódù 29:13. Iwe tí ará Èkó mọ̀ lónìí, inú ọbẹ̀ adìẹ ló wà.)

Èyí tí mo fẹ́ ká yọ dànù ni “òkúta kálísíọ́mù”. Lóòótọ́, kálísíọ́mù àti oxalate (èròjà kan tó máa ń wà nínú ewébẹ̀ bíi tẹ̀tẹ̀) ló dì pọ̀ di èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára ògiri, kíá ni wọ́n á jáwọ́ nínú mílíìkì, wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun. Òdì gbáà ni! Kálísíọ́mù inú oúnjẹ ló ń di oxalate mú nínú ikùn, kí ó bá ìgbẹ́ lọ, kó má baà dé inú ìtọ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ àti àwọn kúùbù amọ́bẹ̀dùn ló yẹ kí a dín kù, pẹ̀lú ẹran àjẹjù. Tẹ̀tẹ̀ ní oxalate púpọ̀, àmọ́ àwọn ìyá wa tó ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù, ń bá a dín in kù láìmọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sómi náà wúlò.

“Ẹ máa mu omi púpọ̀.” Púpọ̀ lójú ta ni? Dẹ́rẹ́bà dáńfò àti àwọn obìnrin tó ń tajà ní Balógun ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣọ́ omi mu ni, torí kò sí ibi tí wọ́n á ti tọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni kí ìtọ̀ òòjọ́ tó lítà 2.5. Oòrùn Èkó sì ń gba tirẹ̀ nínú òógùn, nítorí náà omi mímu gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ ní píọ̀-wọ́tà: ọ̀rá 6, ó kéré tán, kí ìtọ̀ sì mọ́ bí omi dípò kó pọ́n. Àfi ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín mú kí dókítà wọ́n omi fún.

Nípa ìtọ́jú, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń bà wá jẹ́. “Kọjá òkúta” tí àbúrò kọ, èdè Òyìnbó (“pass a stone”) ló wọ agbádá. “Tọ̀ ọ́ jáde” ni. Èyí tí kò ju mìlímítà 5 lọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló ń bá ìtọ̀ jáde fúnra wọn. Láàárín 5 sí 10, ó fẹ́ẹ̀ dé ìdajì. Dókítà lè ní kí a dúró wò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, pẹ̀lú diclofenac fún ìrora bí kíndìnrín bá gbà á, àti tamsulosin tí ń dẹ ìsàlẹ̀ ìfun ìtọ̀. “Yọ́” yàtọ̀: òkúta uric acid (irú òkúta mìíràn, tí kì í ṣe ti kálísíọ́mù) nìkan ni oògùn tí ń dín kíkan ìtọ̀ kù sábà máa ń yọ́. Àwọn tó ń polówó àgbo nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń yọ́ gbogbo òkúta, ẹ má jẹ́ kí ìwé wa bá wọn gbè é lẹ́sẹ̀. “Fọ́” ni èyí tí wọ́n fi ìgbì ìró ṣe láti ìta ara, tó bẹ̀rẹ̀ ní Munich ní Jámánì lọ́dún 1980, tàbí kí wọ́n ti awò tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí wọ́n fi lésà fọ́ ọ.

Àyẹ̀wò: “síkáànì” (èyí tí wọ́n ń fi ìgbì ìró yẹ inú wò) lójú ará Èkó, ti aboyún ni, ẹ kọ ọ́ sí i pé ọkùnrin náà ń ṣe é. Ó ń fi wíwú kíndìnrín hàn, àmọ́ òkúta lè fara pamọ́ fún un. CT, ẹ̀rọ ńlá tí ń ya àwòrán inú ara, ló ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ẹ́ksíréè lásán kì í rí ti uric acid. Fún aboyún, síkáànì yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò.

Ẹ dákun, ẹ pa “ibà” rẹ́ nínú ìlà ìkìlọ̀. Oògùn ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni wọ́n máa lọ rà. Ẹ kọ ọ́ pé: “Bí ara bá gbóná tàbí tí òtútù ń gbọ̀n ọ́ pẹ̀lú ìrora ẹ̀gbẹ́ yìí, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde rárá, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.” Kòkòrò tó wọ kíndìnrín tó dí lè pa èèyàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà fún ìtọ̀ ná, kí wọ́n tó ronú kan òkúta.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ inú ìfun ìtọ̀ láti ṣí ọ̀nà náà ni a ò tíì ní orúkọ fún. Àwọn aláìsàn máa ń gbàgbé pé ó wà lára àwọn, kì í sì í yẹ kó ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀, nítorí òkúta á hù lé e lórí. Mo dá “rọ́bà àyálò” lábàá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá “ọ̀rọ̀ àyálò” (ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ èdè mìíràn) jà láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá yá, dídá padà ló ní. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni ìwé ń lọ sí Ṣómólú.