Ìforúkọsílẹ̀ máníjà lọ́dọ̀ CQC: ṣé dandan ni Level 5, kí ló sì ń dá fọ́ọ̀mù padà?

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Igbákejì máníjà ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Leeds tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Máníjà wa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù tó ń bọ̀, ọ̀gá sì ní kí n gba ipò náà. Mo ní Level 3, mo ní BSc láti Ifẹ̀, mo sì ń ṣe Level 5, ìyẹn dípúlómà ìṣàkóso ìtọ́jú, lọ́wọ́, àmọ́ n kò tíì dé ìdajì.

Ṣé CQC (Care Quality Commission, àjọ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ní Ẹ́ńgílándì) lè forúkọ mi sílẹ̀ kí n tó parí Level 5? Ṣé wọn ò kàn lè fi orúkọ mi rọ́pò ti máníjà tó ń lọ? Ìwé wo ni kí n ti máa wá báyìí, kí ni wọ́n sì máa ń béèrè níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kó dá mi lóhùn.

ỌmọÌjẹ̀ṣà

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ibi tó máa ń rú èèyàn lójú. Ní Ẹ́ńgílándì, ìforúkọsílẹ̀ máníjà kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń gbé kiri bíi láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ó so mọ́ ẹ̀yin gan-an, ó so mọ́ ilé iṣẹ́ tó gbà yín, ó sì so mọ́ iṣẹ́ tí òfin ń ṣọ́ ní ojúkò kan pàtó. Tiyín ni èyí tí CQC ń pè ní personal care, ìyẹn ìtọ́jú ara bíi wíwẹ̀ àti wíwọṣọ. Ti ilé tí àwọn àgbà ń gbé inú rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ yẹn kò bá yín lọ. Ibi tuntun, fọ́ọ̀mù tuntun.

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè fi orúkọ yín rọ́pò ti ẹni tó ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀wé sí CQC pé kí wọ́n fagi lé tòun, ẹ̀yin náà yóò sì kọ tiyín lọ́tọ̀. Ẹ rán an létí kó tó kó ẹrù rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣì wà lójú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dáhùn fún ibẹ̀, kò sì ní dùn mọ́ òun náà bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn tó ti lọ.

Ní ti Level 5: Regulation 7 nínú òfin iṣẹ́ ìtọ́jú ti ọdún 2014 ló sọ irú ẹni tí máníjà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó ní kó jẹ́ ẹni tó níwà rere, kó ní ìwé ẹ̀rí, òye, ìmọ̀ọ́ṣe àti ìrírí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, kí ara àti ọpọlọ rẹ̀ sì lè gbé e, kódà bó bá nílò ìrànwọ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà kò dárúkọ dípúlómà kankan. Èyí tí CQC ń retí láti rí ni Level 5 Diploma in Leadership and Management for Adult Care, tàbí ohun tó bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ń kà á lọ́wọ́ lè gba ìforúkọsílẹ̀. Ẹnu lásán ni kò tó. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń kà á: ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé, yúníìtì tẹ́ ẹ ti parí, ọjọ́ tí wọ́n retí pé ẹ máa ṣe tán. Ẹ wá kọ ojú ìwé kan tí ń sọ ẹni tí yóò máa tì yín lẹ́yìn níbi tí ìmọ̀ yín kò tíì dé.

Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun náà. Ilé iṣẹ́ irú tiyín gbọ́dọ̀ ní máníjà tó forúkọ sílẹ̀. Ó wà lára àdéhùn tí CQC fi gbà wọ́n. Bí máníjà bá ń lọ, ọ̀gá yín ni yóò fi tó CQC létí. Bí máníjà kò bá ní sí lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn náà ní ìwé tirẹ̀: tó bá jẹ́ ìsinmi tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 28 ṣáájú, tó bá jẹ́ àìsàn òjijì, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ilé iṣẹ́ tó bá wà pẹ́ títí láìní máníjà tó forúkọ sílẹ̀, CQC lè bu owó ìtanràn £4,000 lé e.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti sọ ti òfin. Àmọ́ ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ti Nàìjíríà wá dúró, kì í ṣe ìmọ̀. Bí ohun kan ṣoṣo bá kù nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n lè dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ ó sì tún lọ tò látẹ̀yìn.

DBS, ìwé àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dáràn rí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Enhanced ni wọ́n fẹ́, CQC fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ bá yín fọwọ́ sí i. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe fún yín nígbà tẹ́ ẹ wọlé kò ṣiṣẹ́ fún èyí, bó ti wù kó mọ́ tó. Kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 12 lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Wọ́n máa béèrè gbogbo àdírẹ́sì yín fún ọdún 5 sẹ́yìn láìsí àlàfo. Tí ìlú òyìnbó kò bá tíì tó ọdún 5 fún yín, àdírẹ́sì ilé gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Orúkọ wá ńkọ́? Ìwé WAEC sọ pé Olúwafúnmiláyọ̀, páásípọ́ọ̀tù sọ pé Fúnmiláyọ̀, ìwé ìgbéyàwó gbé orúkọ ọkọ wá, ìwé Yunifásítì sì fi orúkọ bàbá ṣíwájú. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù, èèyàn mẹ́rin ni. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ ti jẹ́ rí síbi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀, ẹ fi ọdún tẹ́ ẹ lò ó sí i, kí orúkọ orí fọ́ọ̀mù CQC àti ti orí DBS sì bára mu dé orí lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Ìtàn iṣẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi iléèwé sílẹ̀ títí di òní ni wọ́n fẹ́, oṣù àti ọdún, kì í ṣe ọdún nìkan. Àwọn èèyàn wa á kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní UK, wọ́n á fo ti ilé. Ẹ má fò ó. Ọdún àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀. Ọjà tẹ́ ẹ tà, iṣẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ara ẹni. Oṣù tẹ́ ẹ fi dúró de físà, tẹ́ ẹ fi tọ́mọ, tẹ́ ẹ fi tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Kò sí ẹni tó ń bá yín wí nítorí pé ẹ jókòó sílé. Àlàfo tí kò ní àlàyé ni wọ́n ń wá.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: iṣẹ́ èyíkéyìí tẹ́ ẹ ti bá ọmọdé tàbí ẹni tó nílò ìtọ́jú ṣe, wọ́n fẹ́ ẹ̀rí ìdí tẹ́ ẹ fi kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ kọ́ ọmọ ní práímárì n'Íbàdàn rí? Ó wà lára rẹ̀. Òfin fi kún un pé níbi tó bá ṣeé ṣe dé. Bí iléèwé náà bá ti ti ilẹ̀kùn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi íméèlì tẹ́ ẹ fi wá wọn hàn.

DBS kò lè wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ẹni tí kò tíì pẹ́ tó dé, kó ti gba Police Character Certificate sọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè, torí kò dùn ún sáré rẹ̀ láti òkèèrè. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá Alágbọn ní Ìkòyí, Èkó, làwọn ẹbí máa ń lọ bá èèyàn tọ̀ ọ́.

BSc yín, UK ENIC ló lè kọ̀wé pé ó bá ìpele báyìí dọ́gba níbí. Ìwé yẹn ń fi ìpele hàn ni. Kò sọ ọ́ di dípúlómà ìṣàkóso ìtọ́jú.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ṣeun, sà. Ọ̀gá tún fẹ́ kí n mú ẹ̀ka Bradford mọ́ ti Leeds, ṣé ó bófin mu? Ẹnì kan sì fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní èèyàn lè parí Level 5 ní ọ̀sẹ̀ 2 lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

ỌmọÌjẹ̀ṣà

Ẹ má fọwọ́ kan líǹkì yẹn. Level 5 gidi, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń wò ó: ẹni tó ń yẹ̀ yín wò yóò wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń darí ìpàdé, bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó ti òṣìṣẹ́ fún supervision, yóò ka ètò ìtọ́jú tẹ́ ẹ buwọ́ lù, ẹ ó sì bá a sọ̀rọ̀ lórí ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe ìpinnu báyìí. Ọ̀sẹ̀ 2 kò lè gba ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń tà ni ìwé pé ẹ ti ka ẹ̀kọ́ kan, wọ́n á wá tẹ "Level 5" sórí rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí náà àti orúkọ àjọ tó ń fúnni ní ìwé, irú bíi City & Guilds tàbí Pearson, kẹ́ ẹ sì tẹ nọ́ńbà náà sínú rẹ́jísítà Ofqual, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi owó yín sápò. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ bi ọ̀gá yín nípa apprenticeship tí wọ́n ń pè ní Leader in Adult Care. Level 5 ni òun náà, ó sì máa ń gbà tó oṣù 18.

Bradford: òfin kò ní kí máníjà kan má mú ojúkò méjì. Ohun tí CQC máa bi yín ni bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní èkejì lójoojúmọ́. Ta ni aṣojú yín níbẹ̀, ọjọ́ mélòó lẹ máa wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀, ta ló ń wo fọ́ọ̀mù òògùn, ta ló ń gbé fóònù lóru? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ "ọ̀gá ní kí n ṣe é", wọ́n á kọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ gba Leeds nìkan ná.

Káyọ̀dé_Peckham

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: kì í ṣe ìdánwò àkọ́sórí. Wọ́n ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣàkóso, àbí orúkọ yín nìkan ni ilé iṣẹ́ ń yá. Ẹ ka statement of purpose ilé iṣẹ́ yín, ìwé tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún, dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń wá. Ẹni tó ní àwọn ń tọ́jú ẹni tó ní ìgbàgbé ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbà lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Mental Capacity Act ọdún 2005, òfin nípa ẹni tó lè ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ àti ẹni tí kò lè ṣe é, ni kẹ́ ẹ jókòó tì. Ìlànà 5 ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ gbà pé ẹni náà lè ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe é. Pàkúté tó wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ irú tiyín rèé: wọ́n á ní màmá kan wà nílé rẹ̀, òṣìṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má bàa jáde, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ á sáré dáhùn pé "a máa béèrè DoLS". Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. DoLS, ìyẹn àṣẹ láti dín òmìnira ẹni tí kò lè ṣe ìpinnu kù, wà fún ilé ìtọ́jú àti ọsibítù nìkan. Ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń jẹ́ Court of Protection ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin yóò pe ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ó sì wá ọ̀nà tí kò ní dè é mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà kan ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ yìí o. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìdáhùn yín pé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á béèrè nípa ẹ̀sùn ìfìyàjẹni. Ẹ sọ ọ́ létòlétò: ẹ dáàbò bo ẹni náà, ẹ pe ọlọ́pàá bó bá jẹ́ ọ̀ràn, ẹ fi tó ẹ̀ka safeguarding (ìdáàbòbò) ìjọba ìbílẹ̀ létí, ẹ fi tó CQC létí láìfi falẹ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa kọ́kọ́ ṣèwádìí fúnra yín kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn yẹn ti ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ mọ duty of candour: bí àṣìṣe ilé iṣẹ́ bá pa èèyàn lára, ẹ ó sọ fún un tàbí ẹbí rẹ̀ lójúkojú, ẹ ó tọrọ àforíjì, ẹ ó sì fi lẹ́tà tẹ̀ lé e.

Wọ́n á tún béèrè bẹ́ ẹ ṣe ń gba òṣìṣẹ́. Ohun tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀ lókè yẹn, Schedule 3 nínú òfin ọdún 2014 yẹn ni. Òfin kan náà lẹ máa fi yẹ fáìlì òṣìṣẹ́ wò. Bí òṣìṣẹ́ yín bá wà lórí físà, ẹ múra láti sọ wákàtí tí wọ́n ń ṣe àti ìsinmi wọn. Ẹni tó ti wakọ̀ láti aago 6 àárọ̀ dé aago 10 alẹ́ lè fún èèyàn lóògùn lẹ́ẹ̀mejì, máníjà sì wà lára àwọn tí CQC lè pè lẹ́jọ́.

Ará_Cardiff

Ẹni tó bá ń kà á láti Wales, ti ibí yàtọ̀. Níbí, Social Care Wales ló ń forúkọ máníjà sílẹ̀, orúkọ ẹni sì wà lórí rẹ́jísítà tí gbogbo ayé lè wò. Ọdún 3 ọdún 3 lẹ ó máa tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ ní orúkọ nínú òfin wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń retí. Scotland ní àjọ tirẹ̀, SSSC, Northern Ireland sì ní NISCC.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ẹ́ńgílándì wà lọ́wọ́ àjọ Ofsted, kì í ṣe CQC, òfin wọn ti ọdún 2015 sì le níbẹ̀. Láàárín ọdún 5 tó kẹ́yìn, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe ó kéré tán ọdún 2 ní ipò tó jẹ mọ́ ìtọ́jú ọmọ nínú ilé gbígbé, kẹ́ ẹ sì ti darí òṣìṣẹ́ fún ọdún 1. Level 5 tiwọn, ti Residential Childcare, ẹ ní ọdún 3 láti parí rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máníjà. Ìrírí tẹ́ ẹ ní lọ́dọ̀ àgbàlagbà kò wọnú ọdún 2 yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀kan ló kù: láàárín ìgbà tí máníjà bá lọ àti ìgbà tí CQC bá dá mi lóhùn, kí ni kí n máa fi sábẹ́ orúkọ mi?

ỌmọÌjẹ̀ṣà

"Manager" nìkan. Ẹ má fi "Registered Manager" sórí lẹ́tà, káàdì tàbí íméèlì kankan títí ìwé yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Kí ọ̀gá kọ̀wé sí CQC báyìí pé ẹ̀yin lẹ ń mójú tó ibẹ̀ ná, kó sì dárúkọ ẹni tí ń ràn yín lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ DBS lọ́sẹ̀ yìí, kí máníjà náà tó lọ.